Okùn Àtàǹpàkò

Inú ṣì ń bí mi, n ò sì ní purọ́ pé ó ti rọ̀. Sàlísù, káfíńtà tó ń kan bẹ́ẹ̀dì ní Anloga Junction, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, àmọ́ ìdálẹ̀ níbí, ní àdúgbò Aboabo, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ a máa ta mólò, ohun èlò orin olókùn tí wọ́n ń fi igbá ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì ni Sàlísù ti kọ́ bí àtàǹpàkò ṣe ń dá okùn tiẹ̀ ta nígbà tí àwọn ìka yòókù bá ń ṣe tiwọn.

Lọ́dún tó kọjá, Theophilus, tíṣà orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, rí fọ́tókópì ìwé kan gbà, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn ní báńjò ní Amẹ́ríkà ní ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Sàlísù rí àwòrán inú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìbátan mólò bàbá òun nìyí. Ó wá igbá, ó na awọ ewúrẹ́ sí i lójú, ó sì fi oṣù mẹ́fà ṣe báńjò márùn-ún. Okùn márùn-ún ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó kúrú jù jẹ́ ti àtàǹpàkò. Àwa márùn-ún, Theophilus, Sàlísù, Bright, Evelyn àti èmi, wá ń kọ́ orin inú ìwé náà, a fẹ́ lọ ta á fún àwọn èèyàn ní gbọ̀ngàn kan ní Santasi ní Sátidé kan.

Àmì X kún orí àwọn nóòtì inú ìwé yẹn. Theophilus, tó gbọ́n jù wá lọ, ní ohun tí ọmọ iléèwé bá ṣì ni wọ́n ń fi X sí.

"Wọ́n ti kánsù wọn," ló wí. "Ẹ fò wọ́n."

A ń fò wọ́n, orin ń tiro. Sàlísù nìkan, tí kò mọ ìwé orin kà, ni kò fo nǹkan kan, torí etí ló fi ń gbọ́ ibi tó yẹ kí àtàǹpàkò bọ́ sí. Ẹni tó lórí ò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà ò lórí.

Theophilus dá Sàlísù dúró lójú gbogbo wa. "Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Lùbnà, ẹ̀ ń fi tara yín kún un. Tó bá di Sátidé, ẹ kàn máa ṣàlàyé bí ẹ ṣe ṣe é. Ẹ ò ní play."

Látìgbà tó ti ń gbẹ́ igi àwọn báńjò náà ni ọkùnrin yìí ti ń retí ọjọ́ tó máa ta á níwájú èèyàn. Mo tẹjú mọ́ ìwé iwájú mi, ojú ara mi sì ń tì mí.

Lùbnà, ọmọ Sàlísù tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ka ojú ìwé àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò kà. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé X ni àtàǹpàkò. Sàlísù gbé ìwé náà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn. Theophilus kà á, ó tún un kà.

"Okay, mo ti rí i. Àmọ́ oṣù méjì la ti fi kọ́ ọ báyìí. Tá a bá ṣe Sátidé tán, a ó tún un ṣe."

"Èmi ńkọ́? Ṣé mo máa ta á?"

"Ẹ máa da orí àwa yòókù rú, Bàbá."

Sàlísù ò bá a jà. Ó mú báńjò Theophilus, ó tú okùn kúkúrú kúrò lára rẹ̀. Ó tú ti Bright, ó tú ti Evelyn. Èmi na tèmi sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Wallahi, Tíṣà, ẹ ò lò ó," ló sọ. Ó kó wọn sápò, ó jáde.

Ní Sátidé, okùn mẹ́rin la fi ta orin yẹn. Èmi náà wà níbẹ̀, torí ojo ni mí. Nígbà tá a parí, gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa, ó pẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó béèrè ibi tí okùn karùn-ún wà.