Gẹ̀ẹ́sì Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí ọmọ mi bá fi rọ́bà pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, òórùn rọ́bà náà a gbé mi padà sí ọ̀sán kan ní Akron, àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Ìyá wa ti lọ sí Kraké níbi ẹnubodè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tún gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kọ fún kọnkúù, ìdánwò àṣeyàn tí yóò gbé e lọ kàwé níbi tó jìnnà. Ó pa ọ̀kan rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá kà á sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló túmọ̀ sí?"

"Pé ebi ń pa mí."

Mo sáré bu gààrí wá. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń sunkún.

Ìgbà tí èmi náà kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mo tó mọ̀ pé "N kò ní padà wá" ló kà.

Nígbà tó yege lọ́dún yẹn, èmi ni mo ru báàgì rẹ̀ dé ibùdókọ̀ Ouando, tẹ̀rín-tẹ̀rín.