Àmín Tísà Akínwùmí

Tísà Akínwùmí kì í kánjú ṣe Àmín. Bí orin bá parí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Oǹdó, yóò gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù, èèyàn á mí lẹ́ẹ̀mejì, kó tó rọra tẹ Àmín. Ogún ọdún ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé tí kò tíì mọ Àdúrà Olúwa parí pàápàá mọ̀ pé dídúró ni. Òun nìkan ni kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Nígbà ìyà ètò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SÁÀPÙ, tí ìjọba jẹ àwọn tísà lówó oṣù, Fọlárìn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń fọn sasofóònù ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àkúrẹ́, ní kí àwọn méjèèjì gbé àwo kan jáde: búlúùsì, orin arò àtijọ́ ti àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà, fèrè àti dùùrù nìkan. Akínwùmí fẹ́ràn orin wọ̀nyẹn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìjọ ni òun, Motúnráyọ̀ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin ń gbé, ìjọ ò sì fẹ́ kí ọwọ́ tó ń tẹ dùùrù Ọlọ́run máa tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀mùtí. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó bẹ Fọlárìn kí wọ́n má kọ orúkọ òun sí i. Ohun tí wọ́n kọ sára àpò àwo náà ni "Fọlárìn àti Ọ̀rẹ́ Rẹ̀."

Àwo náà dé orí rédíò. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Fọlárìn fi ìdùnnú gbé mẹ́fà wá fún un. Ibi ìpàdé àwọn àgbà ìjọ ló ti bá a, ló bá jókòó sẹ́yìn dè é. Bàbá Johnson, Bàbá Ìjọ, rí àwo lórí itan àlejò, ó gbà á wò, ó yíjú sí onídùùrù.

"Tísà, ṣé ẹ̀yin ni ọ̀rẹ́ tí wọ́n kọ síbí?"

Akínwùmí fojú inú rí ẹrù rẹ̀ níta nínú òjò.

"Rárá o, sà. N ò mọ ọkùnrin yìí rí."

Ojú ti gbà á tì kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, àmọ́ ẹ̀sín ni Tísà yàn, torí òrùlé. Àkùkọ ò kọ. Ta ló rí àkùkọ lọ́dún yẹn, tí wọn ò tíì pa á jẹ? Fọlárìn há àwo rẹ̀ mọ́ abíyá, ó ní kí àwọn bàbá má bínú, òun ṣi ilé wọ̀ ni. Kò wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi jáde.

Nígbà tí Akínwùmí délé, ó tan rédíò. Wọ́n ń gbé orin kan jáde nínú àwo náà. Orin parí, dùùrù dákẹ́, èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì, Àmín rọra tẹ̀ lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbọ́ ara rẹ̀, ó sì mọ̀ pé gbogbo ìjọ lè fi Àmín yẹn dá òun mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí orin àkọ́kọ́ ṣe parí, ó sáré tẹ Àmín lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má baà dá a mọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a gbè é. Gbogbo ìjọ dúró. Wọ́n mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá kọ Àmín láìsí dùùrù, Bàbá Johnson ń wò ó bó ti ń kọ ọ́, kò sì fajú ro.

Akínwùmí tẹ orí ba. Wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó bi í, kò sì sẹ́ni tó lé e nílé. Nínú gbogbo ẹni tó wà ní ìpàdé ọjọ́ náà, Fọlárìn nìkan ni irọ́ Tísà bà.