Ẹyẹ Tí Kò Rí Àfòpiná

Ojú-Àṣá ni àwọn ọmọ iléèwé ń pe tíṣà wọn. Ogún ọdún sẹ́yìn ló ti gba orúkọ náà, lọ́jọ́ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, tó sì rí bébà tí ẹnìkan ká sínú ìbọ̀sẹ̀ lórí ìlà tó kẹ́yìn. Wọn ò mọ̀ pé orúkọ náà ti di irọ́.

Ó ti di ọdún méjì tí ojú rẹ̀ ti ń fọ́ lọ. Díẹ̀díẹ̀. Àárín ló kọ́kọ́ ṣú, bí ẹni tí wọ́n fi àtàǹpàkò bo ohun tó bá ń wò. Dókítà ní kò sí iṣẹ́ abẹ fún un. Ó ku ọdún mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Bàyọ́lọ́jì ló ń kọ́ wọn. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó kọ fúnra rẹ̀ nígbà tí ojú ṣì pé: igi funfun kan, ogún àfòpiná dúdú, ogún funfun. Ìwọ tó o di máòsì mú ni ẹyẹ. Èyí tó o bá rí, tẹ̀ ẹ́. Á dún "píì", o ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan fún ìran kan. Àwọn tó bá ṣẹ́kù á bímọ, ọmọ á jọ ìyá. Kó tó di ìran karùn-ún, dúdú á ti tán lára igi funfun, torí òun lojú ẹyẹ kọ́kọ́ ń bà lé. Ẹ̀kọ́ náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alábẹ̀wò láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Tíṣà fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà wọn wí.

Àfòpiná ìran kìíní kì í yí ibi tí wọ́n bà sí padà. Ibẹ̀ lọgbọ́n wà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni tọkọtaya náà fi jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé. Ìyàwó ń júwe. Ọwọ́ ọkọ ń há a sórí.

"Ẹ lọ sókè díẹ̀. Ọ̀tún. Ọ̀tún ni mo wí, Bàbá wọn!"

Píì.

"Ẹ tún ti jẹ ọ̀kan. Ẹ ò tiẹ̀ bù fún mi." Ó rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ ọkọ mú. "Ẹ sọ fún wọn níléèwé, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí wọ́n lè ní kí n máa lọ sílé?"

"Ìran kejì ńkọ́? Ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa bà sí."

"Mi ò ní í débẹ̀. Tó bá ku ìṣẹ́jú kan kí agogo lù ni mo máa bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́bọ̀. Alábẹ̀wò tètè dé. Púrínsípà ló mú un wọlé, obìnrin tí Ojú-Àṣá ti kọ́ ní kíláàsì yẹn gan-an rí. Àlejò náà ní àfòpiná lòun fẹ́ kọ́kọ́ rí.

Dúdú mẹ́rìndínlógún ló jẹ láàárín ìṣẹ́jú kan. Píì, píì, píì. Kíláàsì pàtẹ́wọ́.

"Ó dára gan-an, sà," ni alábẹ̀wò wí. "Ẹ máa bá a lọ."

Ó dẹtí sí agogo. Agogo ò lù.

Ó tẹ̀. Kò dún. Ó tún tẹ̀. Èèpo igi lásán.

"Ojú-Àṣá ti yó!" ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín náà dé ìran kẹta. Kò dé ìkẹrin. Dúdú mẹ́rin di mẹ́jọ, mẹ́jọ di mẹ́rìndínlógún. Funfun náà ń pọ̀, títí igi fi kún bámúbámú. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú kà á sókè:

"Ebi ti pa ẹyẹ."

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ sí. Àwàdà ni nígbà náà.

Púrínsípà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Sà, bóyá ẹ̀rọ yẹn ló bàjẹ́."

Ọ̀nà là gbayawu. Ọdún mẹ́rin wà lódìkejì rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ó ti ń ṣe báyìí, ọjọ́ mẹ́ta."

"Sà, kí la máa kọ?" Ọmọ iwájú yẹn náà ni. "Ṣé ká kọ pé igi funfun ò pa dúdú lára?"

Kò rí wọn, àmọ́ ó gbọ́. Ogójì bírò. Wọ́n ti ń kọ ọ́.

"Ẹ pa á rẹ́." Tíṣà fi máòsì sílẹ̀. "Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ẹ kọ pé bí ẹyẹ ò bá ríran, dúdú ò yàtọ̀ sí funfun. Gbogbo wọn ló máa bímọ."

Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ewé ìwé. Lẹ́yìn náà, bírò.

"Sà," ni púrínsípà wí, "láti ìgbà wo?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ tán ná."