Àkísà Tó Wà Lẹ́nu Agogo

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Alágogo fi jókòó ti ẹ̀rọ kan nínú yàrá kótópó lẹ́yìn pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ̀rọ yìí ló ń fọ̀nà han bàálù nígbà tí kùrukùrù bá bolẹ̀. Bí ó bá bà jẹ́, agogo ara ògiri á ké, kí Alágogo lè kìlọ̀ fún awakọ̀ bàálù. Ṣùgbọ́n agogo náà ti di elékèé: òjò kán, ó ké, atẹ́gùn fẹ́, ó ké. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alágogo kọ̀wé sí ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá ní kó ṣe sùúrù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sú u, ó gé àkísà lára ìró ìyàwó rẹ̀, ó fi dí agogo lẹ́nu. Ta ni ariwo kì í sú?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùrù mú, ẹ̀rọ bà jẹ́ lóòótọ́. Agogo ń kùn lábẹ́ àkísà. Alágogo gbọ́ ọ. Ó ní ìṣe rẹ̀ náà nìyẹn, ó ń mu tíì rẹ̀ lọ. Bàálù forí sọ òkè. Èèyàn mẹ́rìnlá kú, wọ́n sì ní awakọ̀ ló ṣìṣe.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí pè é. Alága gbé àkísà búlúù ẹlẹ́yẹ pupa kan tí wọ́n rí nínú yàrá ẹ̀rọ sórí tábìlì, ó bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ìyá awakọ̀, tí òun náà wá gbọ́ ìwádìí, tẹjú mọ́ Alágogo. Alágogo ní òun ò rí i rí. Wọ́n ní kó padà wá lọ́la.

Kò síbi tó fẹ́ sá sí. Bó bá jẹ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Bó bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ni wọn yóò máa pè ní apànìyàn. Nílé, ó ní kí ìyàwó òun dáná sun ìyókù ìró náà, ó sì rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Obìnrin náà kò bú u. Ó ká ìró náà, ó gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí.

Lọ́jọ́ kejì, níwájú ìgbìmọ̀, Alágogo ti to irọ́ rẹ̀ sẹ́nu tán nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé. Ìró ẹlẹ́yẹ náà ló ró, ojú ibi tí wọ́n ti gé e sì hàn gbangba. Ó lọ jókòó ti ìyá awakọ̀.

Alágogo kọjú sí ìgbìmọ̀. Ó ní òun lòun dí agogo lẹ́nu, pé awakọ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìyá awakọ̀ dìde díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé agogo náà ké lọ́jọ́ yẹn?”

“Ó ké, Màmá,” ni Alágogo wí. “Mo gbọ́ ọ.”