Ìwé Tí Kò Ní Ẹ̀yìn

Ní ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 1987, aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn ọkùnrin méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ wọ ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàgámù. Obì ni àwọn méjèèjì ń tà, ọbàkan sì ni wọ́n: bàbá kan, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kálukú mú ìtàn bàbá wọn wá bí òun ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n fẹ́ kí a tẹ méjèèjì pọ̀ sí ìwé kan ṣoṣo.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrúìlú ni. Ọ̀gá mi gbà mí láti máa lo kọ̀ǹpútà tí ó rà, ó sì ti sọ fún mi láìrẹ́rìn-ín pé bí oníbàárà kan bá tìtorí mi lọ, kí èmi náà bá oníbàárà náà lọ.

Ìlànà tí kọ̀ǹpútà náà ń tẹ̀ lé kò le. A ó fi àmì sí ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Àmì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ yí gbogbo rẹ̀ ká, bí ògiri ṣe ń yí agboolé ká. Ohun tí kò bá ní àmì òde yìí, ìlànà kò kà á sí ìwé. Nínú ògiri náà, ọ̀kan sì ní láti ṣíwájú èkejì.

Ẹ̀gbọ́n ní òun ni àkọ́bí, tòun ni yóò ṣíwájú. Àbúrò ní ìyá òun ni ìyáálé. Mo ní kí a kúkú tẹ̀ ẹ́ ní ìwé méjì. Wọ́n kọ̀, ohùn wọn sì ṣọ̀kan lórí ìyẹn nìkan: wọn kò fẹ́ kí ará Ibido, àdúgbò wọn, máa sọ pé ilé bàbá àwọn ti pín.

“Ẹ má bínú, Àlájì,” mo sọ fún ẹ̀gbọ́n, “bó ṣe wà yìí, kì í ṣe ìwé.”

“Kì í ṣe kí ni?” ẹ̀gbọ́n bi mí.

Lẹ́nu wa, bébà ni ìwé, lẹ́tà ni ìwé, ẹ̀kọ́ tí èèyàn kọ́ náà ni ìwé. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé mo pe bàbá wọn ní púrúǹtù.

“Alákọ̀wé,” àbúrò ní, “kí wọ́n tó bí bàbá ẹ ni bàbá wa ti ń ka ìwé, ìwé kéú, láti apá ọ̀tún. Ṣé kọ̀ǹpútà ẹ mọ apá ọ̀tún?”

Mo ní kò mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ kọ́ ni ọ̀gá mi ń wá lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀ wọ́n, ó bú mi lójú wọn. Síbẹ̀ wọ́n kó bébà wọn lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èmi náà ti kó ẹrù mi.

Wọ́n ní ilé ìtẹ̀wé kan ní ìlú mìíràn ló bá wọn ṣe é; n kò mọ̀. Wọ́n tún ní àwọn méjèèjì ti ń kí ara wọn. N kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n n kò lè pè é nírọ́. Èyí tí mo mọ̀ ni ohun tí mo bá ní ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, lórí apẹ̀rẹ̀ obì. Mo ṣí i láti apá òsì: orí kìíní, ìtàn ti ẹ̀gbọ́n. Mo yí i padà, mo ṣí i láti apá ọ̀tún: orí kìíní, ìtàn ti àbúrò. Kò ní ẹ̀yìn. Iwájú méjì ló ní.

Ẹ̀gbọ́n dá mi mọ̀. “Alákọ̀wé, ṣé ìwé ni àbí kì í ṣe ìwé? Bí o kò bá ra obì, gbé e sílẹ̀.”

Kí n tó gbé e sílẹ̀, mo ṣí àárín rẹ̀, níbi tí ìtàn méjèèjì ti yẹ kó pàdé. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí wọn kò kọ nǹkan kan sí.