Òórùn Àtẹ́lẹsẹ̀ Ológbò

Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Ìnulẹ̀ ti ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá fún un ní àkísà tó ti gbẹ, yóò gbé e sí imú, yóò sì sọ oògùn tí wọ́n fi fọ yàrá tí àkísà náà ti wá. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa ṣàwàdà pé imú rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa san owó oṣù fún. Òun náà a ní kí wọ́n san ti imú, kí wọ́n má sì gbàgbé ti ẹ̀yìn tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀.

Ilé bàbá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lójú ọ̀nà. Ológbò kan wà nínú ilé náà, dúdú, àyà rẹ̀ funfun. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló sìn ín. Láti ìgbà tí ìyá náà ti kú, ológbò yìí nìkan ni Bàbá ń bá sọ̀rọ̀ pẹ́. Nítorí pé ológbò ti wà nílé kí ìyàwó tó wọlé, ìyàwó ní òun kò tó pè é lórúkọ. Ìyáálé ló ń pè é.

"Ìyáálé mi, ẹ dìde lórí àga, mo fẹ́ nu ibẹ̀."

Bàbá kì í rẹ́rìn-ín sí i.

Ní Sátidé kan, ó fi oògùn ìfọlẹ̀ nu ilé, irú èyí tó dúdú nínú ìgò, tó ń di funfun bí omi bá kàn án. Lẹ́nu iṣẹ́, oògùn ẹ̀kún ìdérí ìgò kan sí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan ni. Lọ́jọ́ náà, ó ń kánjú, kò wọ̀n ọ́n. Ó kàn dà á sómi ni. Lẹ́yìn náà ó lọ sá aṣọ.

Kò tó wákàtí kan tí Bàbá fi ké sí i. Ológbò ká jọ sábẹ́ tábìlì, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí ọmọ tó ń hu eyín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń la ẹnu láìlè ké.

"Iṣẹ́ Télọ̀ ni," Bàbá wí. Ìsọ̀ aránṣọ yìí fara ti ògiri wọn, ó sì ti ra májèlé eku lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí eku tó ń jẹ aṣọ oníbàárà. Bàbá ti dé ojú fèrèsé. "Télọ̀, o ti pa á fún mi."

Télọ̀ sáré wọlé tòun ti okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. "Bàbá, inú àpótí ni májèlé mi wà, mo sì tì í. Ìyàwó, ẹ mú mílíìkì wá, ká rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Bí kò bá bì, ká fún un lómi iyọ̀."

"Ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu," ni ìyàwó wí. "Ẹni tó ń gbọ̀n báyìí, ẹ̀dọ̀fóró ni mílíìkì yẹn máa gbà lọ."

Ó kúnlẹ̀, ó fi aṣọ ìnura wé ológbò, ó yọ orí rẹ̀ síta kí ó lè mí, kó má sì lè lá ara rẹ̀ mọ́. Bí ó ti di ẹsẹ̀ kan mú, òórùn kan gòkè wá. Ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ náà sí imú: oògùn ìfọlẹ̀ ni.

Òun nìkan ló gbọ́ òórùn náà. Ẹ̀sùn ti wà lọ́rùn ẹlòmíràn. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni yóò máa wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó jẹ májèlé eku yàtọ̀ sí ti èyí, ohun tí wọ́n bá sì sọ fún dókítà ni yóò bá ṣiṣẹ́.

"Bàbá, kì í ṣe Télọ̀. Èmi ni. Oògùn tí mo fi nulẹ̀ le jù. Òun ni ìyáálé mi tẹ̀, tí wọ́n wá fẹnu lá."

Bàbá kẹ̀yìn sí i. Ìbínú ì bá sàn fún un ju ìyẹn lọ.

Ìyàwó kò dúró gba ìdájọ́. Ó ní kí Télọ̀ bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, ó fi ọṣẹ tí kò le fọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ikùn ológbò náà, ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó nù ún gbẹ. Ó tẹ dókítà ẹranko láago, ó sọ ìgbà tó nulẹ̀ àti ohun tó fojú rí. Ó wá fi ìgò oògùn náà sínú ọ̀rá, Télọ̀ sì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé gbogbo wọn lọ.

Dókítà ka ara ìgò. "Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára irú oògùn yìí," ó wí. "Ó dára tí ẹ ò jẹ́ kó bì. Ohun tó jó ọ̀fun nígbà tó ń wọlé, á tún jó o nígbà tó bá ń jáde. Ká ní májèlé eku lẹ pè é ni, ibòmíràn ni ǹ bá máa wá a sí."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ológbò lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó padà wálé, ó rù, ṣùgbọ́n ó ń jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Bàbá mú ṣòkòtò kan lọ sí ìsọ̀ Télọ̀. Télọ̀ yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Bàbá, ibo ló ti ya?"

"Ìwọ ni télọ̀. Wá a."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì fa àga fún un.

Nígbà tí Bàbá délé, ìyàwó ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọn ìdérí kan ṣoṣo sínú omi. Bàbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ológbò sí àyà, ó sì kọjú sí yàrá rẹ̀.

"Dúró ná, ìyàwó," ó wí. "Jẹ́ kí n gbé ìyáálé rẹ kúrò nílẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, o pè wá."