Oògùn Ọjọ́ Márùn-ún Tí Ilésanmí Lò Lẹ́ẹ̀kan

Ilésanmí ni ọ̀gá tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike n'Ìkẹjà. Ẹni tó bá rú òfin rẹ̀ á gba ìwé ìbáwí. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀ léraléra, tó ní kó máa lo ẹyọ kan láràárọ̀, ó ṣe òfin tirẹ̀. Kò fẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa rí òun lọ́nà ilé ìtọ̀, nítorí náà kò lò ó láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé márùn-ún mì pọ̀. Ó ní iye rẹ̀ ṣáà ti pé.

Kó tó di ọ̀sán, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà. Bó ṣe dìde lórí àga, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú. Oyèbọ́lá ìyàwó rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn l'Ágége.

Nígbà tó jẹ́wọ́ pé márùn-ún lòun lò pọ̀, nọ́ọ̀sì bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ lè jẹ oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan?"

"Rárá."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn. Èyí tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ má fi kún ti ọjọ́ kejì. Tó bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ wá sọ fún wa."

Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá tó padà síbi iṣẹ́, ó ń lo ẹyọ kan bó bá ṣe jí. Lọ́jọ́ kan, ó kúrò nípàdé lẹ́ẹ̀mejì.

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni," ló sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Àlàbá tó ń wa ẹ̀rọ rọra dáhùn pé, "Èmi náà ń lò ó, ọ̀gá. Ẹ̀rù yín ni kì í jẹ́ kí n jáde lọ tọ̀."